Ọmọ tí kò ríran, tí kò sì gbọ́ràn: Ta ni yóò kọ́ olùkọ́ rẹ̀ ní Ajégúnlẹ̀?

Ariwo kò wọ́n ní Ajégúnlẹ̀. Bí tírélà tó ru kọ̀ǹténà bá ti èbúté Tin Can jáde, tó gba apá Olódì-Àpápá kọjá, kò sí ẹni tí wọ́n ń sọ fún. Ife á máa gbá ara wọn lórí tábìlì, páànù orí òrùlé á máa pariwo, oníwàásù tó gbé gbohùngbohùn sẹ́nu ọ̀nà á gbé ohùn sókè sí i kí tírélà má baà borí rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọmọ kan lè jókòó sínú yàrá kan ní àdúgbò yìí kan náà, kó má gbọ́ ìkankan nínú ariwo náà, kó má sì rí ọkọ̀ tó ń pa á, síbẹ̀ kó mọ̀ dájú pé ohun ńlá kan ń kọjá lọ níta. Àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ló sọ fún un. Ọwọ́ tó fi ti ògiri náà jẹ́rìí sí i. Bí olùkọ́ tó mọ iṣẹ́ bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ bẹ́ẹ̀ lásìkò náà, ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀kọ́ á ti bẹ̀rẹ̀. Olùkọ́ náà á gbé ọwọ́ tirẹ̀ lé ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ ọmọ, kí ọmọ lè mọ̀ pé ẹlòmíràn wà láyé tó mọ ohun tí òun mọ̀. Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé irú olùkọ́ bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n ní Nàìjíríà. Ọ̀nà tó sún mọ́ tòsí jù lọ báyìí láti sọ olùkọ́ tàbí òbí di ọ̀kan nínú wọn ni ìdánilẹ́kọ̀ọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì, òun náà sì ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ọmọ tí kò ríran tí kò sì gbọ́ràn kò ju afọ́jú tí wọ́n fi ìdití kún tirẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ náà jù bẹ́ẹ̀. Afọ́jú ń fi etí ríran: ó ń gbọ́ ìró bàtà ìyá rẹ̀, ó ń gbọ́ tí wọ́n ń pe orúkọ rẹ̀, ó ń gbọ́ èdè títí èdè náà fi di tirẹ̀. Adití ń fi ojú gbọ́ràn: ó ń wo ẹnu, ó ń wo ọwọ́, ó ń wo ojú ẹni tó ń bínú àti ẹni tó ń rẹ́rìn-ín. Ohun tí àwọn méjèèjì fi ń dí àlàfo tiwọn ni ọmọ yìí kò ní. Lójú tirẹ̀, ayé kò kọjá ibi tí apá rẹ̀ gùn mọ. Oúnjẹ kì í ti ilé ìdáná bọ̀, ó kàn ń bá a lẹ́nu lójijì ni. Ìyá kì í lọ sọ́jà Bọ́ńdárì kó padà dé, ó kàn ń di àwátì ni. Bí wọ́n bá gbé e sókè láìkọ́kọ́ fọwọ́ kàn án, bí ìgbà tí wọ́n ń jí ènìyàn gbé ló rí lára rẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo wọn ni nǹkan ṣókùnkùn fún pátápátá o. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ṣì ní ìríran díẹ̀ tàbí ìgbọ́ràn díẹ̀ tó ṣẹ́kù, iṣẹ́ olùkọ́ sì ni láti wá ìwọ̀nba náà rí, kó sì lò ó. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ìdílé ti ń ṣìnà. Ọmọ lè máa tẹjú mọ́ gílóòbù láìṣẹ́jú, kó máa fi ìka ti ẹyinjú ara rẹ̀ léraléra, tàbí kó máa mi ara síwá sẹ́yìn láti àárọ̀ di alẹ́. Wọ́n á ní ẹ̀mí àìrí ló ń dà á láàmú. Wọ́n á gbé e lọ sórí òkè àdúrà, wọ́n á gbé e dé ọ̀dọ̀ oníṣègùn, owó á máa tán, ọjọ́ orí ọmọ á sì máa lọ. Ìmọ́lẹ̀ àti ìmọ̀lára ni ọmọ náà ń wá, nítorí pé kò tíì sí ẹni tó fún un ní ohun mìíràn tí yóò máa ṣe.

Nínú ìròyìn tí àjọ àgbáyé àwọn tí kò ríran tí wọn kò sì gbọ́ràn, World Federation of the Deafblind, gbé jáde lọ́dún 2018, wọ́n fojú bù ú pé nínú ènìyàn 1,000, bí 2 ló wà nínú ipò yìí dé ibi tó le. Òótọ́ ni pé àgbàlagbà tí ojú àti etí ń kú lọ pọ̀ nínú wọn. Ṣùgbọ́n ti àwọn ọmọdé ló yẹ kó dun ni jù, nítorí ìròyìn kan náà sọ pé àǹfààní tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní láti wà nílé-ìwé lè fi ìlọ́po 17 kéré sí ti ọmọ tí kò ní ìpèníjà kankan. Ẹni tó bá mọ bí ilé ṣe fara ti ilé láti Amùkòkò dé Awódì-Òrà, tó mọ iye ìdílé tó ń gbé inú ilé kan ṣoṣo, á mọ̀ pé kò ní jẹ́ ọmọ kan péré ni ọ̀rọ̀ yìí kàn níbẹ̀.

Láti Ajégúnlẹ̀, Sùúrùlérè ni ojú ọ̀pọ̀ òbí máa ń lọ. Ibẹ̀ ni ilé-ìwé Pacelli wà, tí ìjọ Kátólíìkì dá sílẹ̀ lọ́dún 1962 fún àwọn ọmọ tí kò ríran. Ibẹ̀ náà ni ilé-ìwé Wesley fún àwọn adití wà. Iṣẹ́ takuntakun ni àwọn ilé-ìwé wọ̀nyí ti ṣe fún àwọn ọmọ Èkó. Síbẹ̀, ohun tí wọ́n torí rẹ̀ dá kálukú wọn sílẹ̀ ti fi ibi tí ọ̀rọ̀ gbé le hàn: ẹ̀kọ́ afọ́jú dúró lórí etí, ẹ̀kọ́ adití dúró lórí ojú. Ọmọ tí kò ní ọ̀kankan tó péye lè já sí àárín méjèèjì. Kò tán síbẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́jọ tí kò mọ ibi tí wọ́n ń gbé e lọ kì í fara balẹ̀ nínú dánfó. Láti ìgbà tí ìjọba Èkó sì ti fòfin de ọ̀kadà ní Àpápá, Sùúrùlérè àti àwọn ìjọba ìbílẹ̀ mìíràn ní oṣù kẹfà ọdún 2022, ìyá tí kò ní owó kẹ̀kẹ́ Màrúwá á pọn ọmọ náà ni, bó ti wù kó wúwo tó.

Kì í ṣe pé òfin kò sí. Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe òfin tirẹ̀ lórí àwọn àkàndá ẹ̀dá lọ́dún 2011, láti inú rẹ̀ ni ọ́fíìsì tí wọ́n ń pè ní LASODA ti jáde. Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí ti ìjọba àpapọ̀ ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2019, òfin náà sì sọ pé ẹ̀kọ́ wọn gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀fẹ́ títí dé ìparí girama. Àdéhùn Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tí Nàìjíríà tọwọ́ bọ̀ ní àbọ̀tán lọ́dún 2010 tiẹ̀ ya àwọn ọmọ tí kò ríran tí wọn kò sì gbọ́ràn sọ́tọ̀, ó dárúkọ wọn ní abala 24, ó ní èdè àti ọ̀nà tó bá ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn mu jù ni kí wọ́n fi kọ́ wọn. Gbogbo èyí dára. Ṣùgbọ́n òfin kò lè sọ fún olùkọ́ ohun tí yóò fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe ní aago mẹ́jọ àárọ̀, nígbà tí ọmọ náà bá ti jókòó síwájú rẹ̀.

Ọwọ́ lábẹ́ ọwọ́

Ohun tí olùkọ́ náà ní láti kọ́ lòdì sí ohun tó ti mọ́ ọ̀pọ̀ olùkọ́ lára. Bí wọ́n bá ń kọ́ ọmọdé ní ABD, olùkọ́ á gbá ọwọ́ ọmọ mú pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì, á sì máa wọ́ ọ lọ lójú síléètì. Ọmọ tó ríran lè fara da ìyẹn. Ní ti ọmọ tí kò ríran tí kò sì gbọ́ràn, ọwọ́ rẹ̀ ni ojú rẹ̀, òun náà ni etí rẹ̀, òun náà ló sì máa di ẹnu rẹ̀ lọ́jọ́ iwájú. Ẹni tó bá gbá ọwọ́ náà mú tipátipá, bí ẹni tó fi aṣọ bo ọmọ lójú tó tún ní kó wo nǹkan ni. Kò pẹ́ tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ á fi bẹ̀rẹ̀ sí í ká ọwọ́ kò, tí kò ní fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan òun mọ́. Wọ́n á wá sọ pé olóríkunkun ni.

Olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n á fi ọwọ́ tirẹ̀ sábẹ́ ti ọmọ. Ẹ wo ìyá tó ń ṣa ẹ̀wà nínú àwo. Ọwọ́ ìyá wọnú ẹ̀wà, ọwọ́ ọmọ wà lórí ọwọ́ ìyá, ó sì ní òmìnira láti kúrò nígbàkugbà. Ọmọ náà á mọ bí ìka ṣe ń wá òkúta, á mọ̀ nígbà tí ìka bá rí i, á mọ̀ nígbà tí wọ́n bá jù ú nù. Lọ́jọ́ kan, ìka ọmọ á yọ́ kọjá ti ìyá, á fúnra rẹ̀ wá òkúta tirẹ̀. Wọn kò fipá mú un, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò ṣe é fún un.

Èkejì ni pé kí ohun gbogbo ní àmì tí ọwọ́ lè mọ̀. Kànìnkànìn ni àmì ìwẹ̀, ṣíbí ni àmì oúnjẹ, sálúbàtà ni àmì pé wọ́n fẹ́ jáde. Nǹkan kan náà ni lójoojúmọ́, wọ́n á sì fi lé ọmọ lọ́wọ́ kí ohun náà tó ṣẹlẹ̀, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Ènìyàn náà ní àmì: ẹ̀gbà ọwọ́ ìyá, irùngbọ̀n bàbá, aago ọwọ́ olùkọ́. Ẹni tó bá dé á fọwọ́ kan ọmọ náà léjìká, á jẹ́ kó fọwọ́ ba àmì òun, kó lè mọ ẹni tó dé. Bó bá ń lọ, á tún jẹ́ kó mọ̀ pé òun ń lọ. Ìkíni ni, bí Yorùbá ṣe mọ̀ ọ́n.

Ọ̀gbẹ́ni Jan van Dijk, ọmọ orílẹ̀-èdè Netherlands tó gbé ayé láti 1937 sí 2018, wà lára àwọn tó sọ nǹkan wọ̀nyí di ẹ̀kọ́ tó ní ìlànà. Lọ́dọ̀ àwọn ọmọ tí àrùn rùbẹ́là ti bà jẹ́ lójú àti létí láti inú oyún, ní ilé-ìwé kan ní Sint-Michielsgestel, ló ti rí i pé ọmọ tí kò mọ ohun tó kàn kò lè fọkàn sí ẹ̀kọ́ kankan, nítorí inú ẹ̀rù ló ń gbé. Nínú irú ẹ̀kọ́ tirẹ̀ ni àpótí ọjọ́ ti jáde. Kò gba owó. Ágolo mílíìkì mẹ́rin tàbí páálí Indomie tí wọ́n gé sí ojú mẹ́rin ti tó. Kànìnkànìn á wà nínú ti àkọ́kọ́, ṣíbí nínú èkejì, sálúbàtà nínú ẹ̀kẹta. Bí wọ́n bá wẹ̀ tán, ọmọ á mú kànìnkànìn sọ sínú apẹ̀rẹ̀ ohun tó ti parí, ọwọ́ rẹ̀ á wá lọ sí ágolo tó kàn. Bẹ́ẹ̀ ni àná, òní àti ọ̀la á ṣe máa ní ìtumọ̀ lọ́kàn ẹni tí kò rí oòrùn rí.

Ohun tó ṣòro jù nínú gbogbo rẹ̀ fún ará Èkó ni dídúró. Olùkọ́ á fi àmì lé ọmọ lọ́wọ́, á sì dúró. Ọmọ tí kò ríran tí kò sì gbọ́ràn nílò àkókò láti ro ohun tí ọwọ́ rẹ̀ gbà. Ẹni tó ní ọgọ́ta ọmọ nínú kíláàsì kan kì í ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń sọ níbi gbogbo tí iṣẹ́ yìí ti gbilẹ̀ pé ọmọ kan sí ẹnì kan ló dára jù.

Lẹ́tà ló kọ́kọ́ ń rìn kó tó di íntánẹ́ẹ̀tì

Ẹ̀kọ́ láti ọ̀nà jíjìn kò ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ inú iṣẹ́ yìí. Lọ́dún 1837, Dókítà Samuel Gridley Howe gba ọmọbìnrin kan, Laura Bridgman, sí ilé-ìwé Perkins ní Boston ní Amẹ́ríkà, ó sì kọ́ ọ ní èdè nípa ọwọ́. Òǹkọ̀wé Charles Dickens lọ síbẹ̀ lọ́dún 1842, ó sì kọ ohun tó rí sínú ìwé. Ìwé yẹn ni ìyá kan ní Alabama, lọ́nà jíjìn réré, kà ní ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, tó fi mọ̀ pé ọmọ òun, Helen Keller, tí àìsàn gba ojú àti etí rẹ̀ nígbà tó wà lọ́mọ oṣù mọ́kàndínlógún, ṣì lè kẹ́kọ̀ọ́. Olùkọ́ tí Perkins rán sí i, Anne Sullivan, dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ní ọjọ́ 3 oṣù kẹta ọdún 1887. Kó tó lọ, ó ti fi oṣù mélòó kan ka àkọsílẹ̀ Howe lórí Bridgman.

Ṣùgbọ́n ìwé nìkan kọ́ ló kọ́ Sullivan. Bridgman fúnra rẹ̀ ṣì ń gbé Perkins nígbà náà, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni Sullivan ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ìka sọ̀rọ̀ sínú àtẹ́lẹwọ́, ọwọ́ sí ọwọ́. Ibi tó yẹ kí gbogbo ẹni tó ń polówó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì lónìí dúró sí díẹ̀ nìyẹn.

Lẹ́yìn rẹ̀, lẹ́tà ló ń gbé iṣẹ́ náà kiri. Louise Tracy, ìyàwó òṣèré Spencer Tracy, tí ọmọ rẹ̀ dití, dá ilé ìwòsàn kan sílẹ̀ ní Los Angeles lọ́dún 1942. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fi ẹ̀kọ́ ránṣẹ́ sí òbí àwọn adití nípasẹ̀ ilé ìfìwéránṣẹ́ láìgba kọ́bọ̀, wọ́n sì ṣe tí àwọn òbí ọmọ tí kò ríran tí kò sì gbọ́ràn náà nígbà tó yá. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìyá méjì, Peggy Freeman àti Margaret Brock, dá ẹgbẹ́ kékeré kan sílẹ̀ lọ́dún 1955 kí àwọn tí rùbẹ́là ba ọmọ wọn jẹ́ lè máa fọ̀rọ̀ wérọ̀. Ẹgbẹ́ yẹn ló di àjọ Sense lónìí. Àwọn ìyá ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ìjọba dé lẹ́yìn.

Lójú fóònù

Èyí tó gbajúmọ̀ nínú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì báyìí ni Open Hands, Open Access, tí ibùdó ìjọba Amẹ́ríkà lórí ọ̀rọ̀ yìí, National Center on Deaf-Blindness, ṣètò. Ìpín 27 ló ní, ọ̀fẹ́ sì ni fún ẹni tó bá fẹ́ fúnra rẹ̀ kà á. Ó bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tí ojú àti etí ń ṣe fún ọpọlọ, ó dé orí bí wọ́n ṣe ń mú kí ọmọ fọkàn tán ènìyàn, àmì ọwọ́, àpótí ọjọ́, àti bí ọmọ ṣe ń rìn láti ibì kan sí ibòmíràn. Fídíò wà nínú rẹ̀ níbi tí ènìyàn ti lè rí ọwọ́ olùkọ́ àti ọwọ́ ọmọ. Ilé-ìwé Perkins náà ní tirẹ̀, àwọn kan lọ́fẹ̀ẹ́, àwọn kan lówó. Ẹni tí fídíò bá wọ́n lójú rẹ̀ lè wa ìwé méjì tí ilé iṣẹ́ Hesperian tẹ̀ jáde, ti ọdún 2000 lórí ọmọ tí kò ríran àti ti ọdún 2004 lórí ọmọ tí kò gbọ́ràn. Ọ̀fẹ́ ni àwọn méjèèjì lórí íntánẹ́ẹ̀tì, òbí tí kò ní olówó lẹ́yìn ni wọ́n sì kọ wọ́n fún.

Ajégúnlẹ̀ kì í ṣe àjèjì sí irú nǹkan báyìí. Lọ́dún 2007, nígbà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣì ń tò lójú káfé, àjọ Paradigm Initiative tí 'Gbénga Ṣẹ̀san jẹ́ olórí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tí wọ́n sọ ní Ajegunle.org níbẹ̀, wọ́n ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò ní kọ̀ǹpútà àti bí wọ́n ṣe lè fi í jẹun. Lónìí, fóònù tó wà lọ́wọ́ ìyá tó ń ta tòmátì lágbára ju ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà ìgbà náà lọ.

Àmọ́ fóònù ń jẹ owó. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2025, àjọ NCC fàyè gba àwọn iléeṣẹ́ fóònù láti fi tó ìdá àádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún lé owó wọn, dátà sì jẹ́ ọ̀kan nínú ohun tó gbówó lórí. Fídíò ló sì ń jẹ dátà jù, fídíò náà kan náà ni ọkàn ẹ̀kọ́ yìí. Olùkọ́ á wá máa ka ọ̀rọ̀, á máa fo fídíò. Bí ẹni tó ń ka bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́ tí kò fẹsẹ̀ kan omi ni. Iná ńkọ́? Jẹnẹrétọ̀ kì í ṣiṣẹ́ lófìfo, epo sì ti gbówó lórí láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí rẹ̀ ní oṣù karùn-ún ọdún 2023. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024 ńkọ́, nígbà tí àwọn wáyà abẹ́ òkun já ní ẹ̀bá Ivory Coast, tí íntánẹ́ẹ̀tì dákú ní orílẹ̀-èdè púpọ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà? Gbogbo ẹni tí ẹ̀kọ́ rẹ̀ wà lókè òkun nìkan dúró lójú kan.

Ohun tó wà lọ́fẹ̀ẹ́ lónìí náà lè má sí lọ́la. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, ìjọba Amẹ́ríkà fagi lé owó tó ń ná lórí àwọn ọmọ tí kò ríran tí wọn kò sì gbọ́ràn ní àwọn ìpínlẹ̀ kan lọ́hùn-ún. Ariwo sọ kí wọ́n tó wá ọ̀nà mìíràn gbé owó náà gbà. Ẹni tó bá gbọ́n á wa ẹ̀kọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo níbi tí dátà ti pọ̀, á tọ́jú rẹ̀ sínú káàdì, á sì fi Xender pín in fún ẹlòmíràn. Kò ná ẹni kejì ní kọ́bọ̀.

Èdè tún ńkọ́? Gẹ̀ẹ́sì ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Àpẹẹrẹ inú rẹ̀ kún fún yìnyín àti bọ́ọ̀sì ilé-ìwé aláwọ̀ ìyeyè, kò sí ọmọ ẹ̀yìn ìyá níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni ẹ̀yìn ìyá ni ibi tí ọmọ Ajégúnlẹ̀ ti kọ́kọ́ ń mọ ayé. Ìyá tó ń pọnmọ tó ń gúnyán ti ń kọ́ ọmọ náà ní nǹkan láìmọ̀, ara ń bá ara sọ̀rọ̀. Ẹ̀kọ́ tó bá máa wúlò níbí gbọ́dọ̀ ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Oore kan wà níbẹ̀ ṣá: èdè ọwọ́ tí ọ̀pọ̀ ilé-ìwé adití ní Nàìjíríà ń lò bá ti Amẹ́ríkà tan, nítorí Andrew Foster, adití ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú tó dá ilé-ìwé sílẹ̀ ní Accra lọ́dún 1957 àti ní Ìbàdàn lọ́dún 1960, ló gbé e wá. Olùkọ́ adití tó bá ń wo fídíò náà kò ní ṣàìmọ ohun tí wọ́n ń sọ. Ìyá tó gbọ́ Yorùbá, Íjọ̀ tàbí Píjìn nìkan ni yóò nílò ẹni tí yóò tú u fún un, Ajégúnlẹ̀ sì kún fún gbogbo wọn.

Èyí tó wá burú jù ni pé ojú fóònù kò lè di ènìyàn lọ́wọ́ mú. Olùkọ́ lè parí ìpín 27 náà, kó tẹ ìwé ẹ̀rí, kó gbé e kọ́ ògiri, kó má sì mọ̀ pé ọwọ́ òun ṣì ń le jù lára ọmọ. Ẹni tó mọ iṣẹ́ ló lè rí i, kó sì sọ fún un pé kó rọra. Nítorí náà, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni dá ẹ̀kọ́ yìí kọ́. Bí mẹ́ta tàbí mẹ́rin bá kóra jọ, olùkọ́ kan, ìyá ọmọ, ẹ̀gbọ́n ọmọ àti nọ́ọ̀sì àdúgbò, wọ́n á dá owó dátà jọ, wọ́n á sì lè fi ara wọn dánra wò: kí ọ̀kan fi gèlè di ojú, kó fi òwú dí etí, kí èkejì wá fún un ní ẹ̀bà jẹ. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá irú rẹ̀ ju ojú ìwé ogún lọ. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n ya fídíò ìṣẹ́jú méjì níbi tí wọ́n ti ń bá ọmọ ṣe nǹkan, kí wọ́n fi ránṣẹ́ sí ẹni tó mọ iṣẹ́ náà, ibi yòówù kó wà, kó lè wo ọwọ́ wọn. Ìyá ọmọ gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, kò sì gbọdọ̀ dé orí Facebook láti fi tọrọ owó.

Ta ni ẹni tó mọ iṣẹ́ ọ̀hún? Níbí ni àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tiwa gbọ́dọ̀ ti dáhùn. Ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ àkànṣe ti ìjọba àpapọ̀ ti wà ní Ọ̀yọ́ láti ọdún 1977, Yunifásítì Ìbàdàn náà sì ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ àkànṣe. Olùkọ́ afọ́jú ń jáde níbẹ̀, olùkọ́ adití ń jáde níbẹ̀. Bí wọ́n bá so méjèèjì pọ̀ fún sáà kan, kí wọ́n gba ẹ̀kọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì, kí wọ́n sì fi oṣù mẹ́ta wà lọ́dọ̀ ọmọ kan ní Ajégúnlẹ̀ tàbí Mushin, ẹni tó ń wo ọwọ́ kò ní wọ́n mọ́. Kẹ́ńyà ní ilé-ìwé tirẹ̀ fún irú àwọn ọmọ yìí ní Kabarnet. Nàìjíríà tó pọ̀ tó báyìí kò gbọdọ̀ máa wò wọ́n lẹ́nu.

Kí iye àwọn ọmọ náà dínkù wà lọ́wọ́ abẹ́rẹ́. Láti ọdún 1941 tí dókítà ojú kan ní Australia, Norman Gregg, ti ṣàkíyèsí ohun tí rùbẹ́là ń ṣe sí ọmọ inú oyún ni ayé ti mọ̀ ọ́n. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2025 ni Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í fi àjẹsára rùbẹ́là kún ti èéyi fún àwọn ọmọ láti oṣù mẹ́sàn-án dé ọdún mẹ́rìnlá. Ó pẹ́ kó tó dé, àmọ́ ó dé. Àwọn tí àrùn náà ti bá tẹ́lẹ̀, àwọn tí yírùnyírùn, ibà pọ́njú ọmọ tuntun tàbí àìpé oṣù gba ojú àti etí wọn, wà nílé.

Òbí tó bá fura sí ọmọ rẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ LASODA tàbí ilé ìwòsàn ìjọba, kó sọ pé kí wọ́n yẹ ojú àti etí wò pa pọ̀, kì í ṣe ọ̀kan kó fi èkejì sílẹ̀. Ṣùgbọ́n kò dìgbà tí dátà bá wà, kò sì dìgbà tí olùkọ́ bá dé. Kànìnkànìn kan náà ni kó máa fi lé ọmọ lọ́wọ́ lójoojúmọ́ kó tó gbé e lọ wẹ̀, kó sì dúró díẹ̀. Ó lè gba ọ̀sẹ̀, ó lè gba oṣù. Lọ́jọ́ tí ọmọ náà bá fúnra rẹ̀ wá kànìnkànìn náà rí nínú ágolo, tó sì nà án sí ìyá rẹ̀, ọ̀rọ̀ ló sọ yẹn. Kí ìyá rẹ̀ yára lọ bu omi.